ÌDÁṢẸ́SÍLẸ̀ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN: KÍ LÓ KAN ỌLỌ́JÀ ŃBẸ̀?

 

Nígbàkigbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba bá daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí à ń gbọ́ lórí ìsọ̀ ni pé, "Àwọn èèyàn yìí ò láàánú." A ò lè bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jà. Àwa tí a ò lówó ọsibítù aládàáni ni ìyà náà kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹni tó ń gbé ní Mushin, Surulere tàbí Yaba, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ọsibítù Igbóbì tí wọ́n ti ń to eegun ló gbójú lé. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ bí yúníọ̀nù ọsibítù ṣe ń ṣiṣẹ́, ká tó mọ ẹni tí a ó bi ní ìbéèrè.

ÀWỌN WO LÓ DAṢẸ́ SÍLẸ̀?

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọsibítù kì í ṣe ẹyọ kan. NMA ni ẹgbẹ́ gbogbo dókítà. NARD ni ti àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì tún ń kọ́ṣẹ́ sí i ní àwọn ọsibítù ńlá. NANNM ni ti àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. MHWUN kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn jọ. JOHESU ni àpapọ̀ àwọn yúníọ̀nù tí kì í ṣe ti dókítà.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ bèèrè pé àwọn wo ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, JOHESU daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì padà títí di òpin oṣù karùn-ún. Ó lé ní 40 ọjọ́. Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá káàdì jáde? Ta ni yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Ta ni yóò tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù lóru?

Ó JỌ ẸGBẸ́ WA

Ẹni tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ò lè dá nìkan kojú ọ̀gá àgbà pé owó òun ò pé. Wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Bí gbogbo wọn bá fi ohùn kan sọ ọ́, ọ̀gá á jókòó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ti ju £50 lọ́dún. Alimotu Pelewura àti àwọn ìyá ọlọ́jà ti ọjà pa, wọ́n sì lọ bá ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé iye náà lọ sí £200. Kí ni a ó pe ọjà títì yẹn bí kì í bá ṣe ìdáṣẹ́sílẹ̀?

Yúníọ̀nù ń gba owó ẹgbẹ́, a sì máa ń yọ ọ́ lára owó oṣù. Wọ́n ń dìbò yan alága, akọ̀wé àti akápò. Òfin yúníọ̀nù tí wọ́n tún ṣe ní 2005 sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. Ó tún ní kí yúníọ̀nù tó daṣẹ́ sílẹ̀, kí ó dìbò, kí ó ju ìdajì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ tó fara mọ́ ọn. Alága ò kàn lè jí lówùúrọ̀ kó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ò bá wá sípàdé, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn.

Òfin yẹn kan náà sọ pé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kòṣeémánìí kò gbọ́dọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba máa ń dì mú. Yúníọ̀nù á ní ìjọba ló kọ́kọ́ ń da àdéhùn. Torí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2017 tí kò ṣẹ ni JOHESU ṣe jáde ní 2018.

KÍ NI WỌ́N Ń BÉÈRÈ?

Owó wà níbẹ̀, a ò parọ́. Kó tó di òpin ọdún 2021, ₦5,000 lóṣù ni ìjọba àpapọ̀ ń fún òṣìṣẹ́ ìlera nítorí ewu iṣẹ́. Ẹ rántí Ẹ́bólà ọdún 2014. Ọsibítù àrùn tó ń ràn ní Yaba ni wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ. Ibẹ̀ ni Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ kúrò ní ọsibítù tirẹ̀, kú sí. Nọ́ọ̀sì náà wà lára àwọn tó kú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìdáṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2025, wọ́n béèrè pé kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i. Àǹfààní tiwa nìyẹn. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù, ọmọ wa ló máa sunkún títí.

Dókítà Beko Ransome-Kuti náà wà, tó ní klíníkì ní Ìdí-Òro ní Mushin. Ọmọ Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni, ìyá tó ṣáájú àwọn ọlọ́jà Abẹ́òkúta. Ó wà lára olórí NMA, ó sì ń pariwo pé oògùn ò sí ní ọsibítù. Ìjọba ológun Buhari tì í mọ́lé, ó sì fòfin de NMA. Ìgbà tí Babangida gbàjọba ní 1985 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹni tó ń rọbí ò lè dúró de ìpàdé. Ìyẹn ni ohun tí yúníọ̀nù gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa pe àwọn aṣojú wọn wá sípàdé ọjà, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń jà fún. Ká bi wọ́n pé: ṣé ẹ dìbò? Àwọn wo ló máa dúró ti ẹni tí àìsàn òjijì kọlù àti aboyún? Oògùn àti bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, ṣé ó wà nínú ìwé tí ẹ kọ sí ìjọba? Bí ó bá wà níbẹ̀, ká kọ̀wé tì wọ́n lẹ́yìn lọ́dọ̀ ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má bú nọ́ọ̀sì tó bá wá ra ata lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣèpinnu. Kí àwa náà má ti ọjà láìjẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ti jókòó sọ̀rọ̀. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ wọn, ká lè fi hàn pé àwa náà ń ṣe é.