Owó Oúnjẹ Tí Kò Tó: Ta Ni Ó Jẹ̀bi, Ọkọ Ni Tàbí Aya?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá bá yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí mínbárì, ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ilé tí ìdí ààrò rẹ̀ bá ti dàrú, ìrun àti ìkéwú ilé náà kì í pẹ́ dàrú pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán tí àwọn ènìyàn ń túká, obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí wa, ó ń retí Ìmáàmù. Nígbà tí Ìmáàmù jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní olè ni mí."

Iṣẹ́ káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní àràárọ̀ ni ọkọ ń fi ₦4,000 sílẹ̀ fún oúnjẹ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, owó náà tó. Bí kò bá sì tó, a jẹ́ pé aya ń gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ ni. Lójú ti aya, owó náà kò tó rárá. Òun tìkára rẹ̀ a máa mu gààrí sùn kí àwọn ọmọ lè rí jẹ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọkọ ti sọ pé àbúrò òun obìnrin ni òun yóò máa kó owó oúnjẹ fún, aya sì ti di ẹrù rẹ̀ láti padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Ìmáàmù kò dá wọn lẹ́jọ́ ní ọjọ́ náà. Ó yíjú sí èmi tí mo ń tọ́jú ìwé mọ́ṣáláṣí, ó ní kí n fún wọn ní ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan. Àkọ́bí wọn obìnrin, tí ó mọ̀wé, ni a ní kí ó máa kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá rà fún ọjọ́ méje: ohun tí wọ́n rà, iye tí wọ́n rà á, àti ibi tí wọ́n ti rà á. Bàbá náà yóò kọ èyí tí ó bá ná níbi iṣẹ́.

Nígbà tí Jímọ̀ kejì pé, a ṣí ìwé náà. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó lọ sí ilé ìyá ìyàwó. Epo pupa, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n rà á láàárín ọjọ́ méje, nínú ọ̀rá kékeré. Òróró, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìrẹsì àti ẹ̀wà, agolo-agolo. Èédú, ọ̀rá kan lójúmọ́. Iyọ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì. Iwájú ilé ni wọ́n ti ra ohun gbogbo. Ọmọ ni wọ́n sì rán lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bàbá náà kọ tirẹ̀: búrẹ́dì àti ohun mímu tutù ní ọjọ́ mẹ́rin, èyí tí kò kà mọ́ owó oúnjẹ ilé láti ọjọ́ yìí wá.

Ìmáàmù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Kò sí olè nínú ẹ̀yin méjèèjì. Owó ojúmọ́ ni olè yín."

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ LỌ

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọjà ti wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, owó ọkọ̀ ti fò sókè, oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé oúnjẹ tí a ń fi ₦100 rà ní ọdún kan ṣáájú ti di ohun tí a ń fi ju ₦140 lọ rà. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ tàbí aya kankan. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀wọ́n yìí ni a tún ń fi ọwọ́ ara wa gbé ọ̀wọ́n mìíràn lé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní kóńgò ẹ̀wà kan jẹ́ ₦2,000, tí agolo mílíìkì mẹ́wàá ń bọ́ nínú rẹ̀, tí ẹni tí ń tà á ní agolo sì ń gba ₦250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ra agolo mẹ́wàá ti san ₦2,500 fún ohun tí ẹnì kejì rà ní ₦2,000. Bí ilé kan bá ń jẹ kóńgò mẹ́ta lọ́sẹ̀, ₦1,500 ti lọ lásán lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó di ₦6,000, lórí ẹ̀wà nìkan. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe. Kí olúkúlùkù fi iye ọjà ìlú tirẹ̀ sí i, yóò rí i bí ó ti rí.

Kì í ṣe pé alágolo ń rẹ́ wa jẹ. Ọlọ́run ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹ̀wà tí ó ti ọjà Dawanau ní Kano dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọlọ́kọ̀ gba tirẹ̀, aláàárù gba tirẹ̀, ẹni tí ń ta àpò jèrè, ẹni tí ń ta kóńgò jèrè, alágolo náà sì jèrè. Ẹni tí ó rà kẹ́yìn ni ó san gbogbo rẹ̀, òun ni ó sì sábà ń jẹ́ tálákà jù lọ nínú wọn.

Ẹ̀YIN BALÉ ILÉ, Ọ̀DỌ̀ YÍN NI Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí a ń fún ní owó ọjọ́ kan kò lè ra oúnjẹ oṣù kan. Bí bàbá bá ń já owó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó wá ń bínú pé aya kò mọ ọjà rà, ó dàbí ẹni tí ó fún ènìyàn ní ṣíbí tí ó ní kí ó fi gbẹ́ kànga.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jùmọ̀ gbà wá, Hind aya Abu Sufyan lọ fi ẹjọ́ sun Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ó ní ahun ni ọkọ òun, kì í fún òun ní ohun tí ó tó òun àti ọmọ. Ànọ́bì yọ̀ǹda fún un kí ó mú nínú owó ọkọ náà ohun tí ó tó fún òun àti ọmọ rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, oúnjẹ ilé kì í ṣe sàráà tí ọkọ ń ta aya lọ́rẹ, ẹ̀tọ́ ni. Èkejì, aya pàápàá ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ rékọjá.

Nítorí náà, ẹni tí ń gba owó oṣù, kí ó yọ owó oúnjẹ sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ó gbà á, kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé owó ojúmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń mú wá, kí ó máa fi díẹ̀ pamọ́ lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní kí wọ́n fi ra epo kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, ní ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n fi ra ẹ̀wà kóńgò bíi mélòó kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìrẹsì. A kì í fi ọjọ́ kan kọ́ ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò fi bọ́ lọ́wọ́ alágolo.

Ẹ̀yin ìyá, agbára àpò kan lè má ká ọwọ́ ẹnì kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni í gbé igbá dé orí. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe àsàlátù lè jẹ́ márùn-ún, kí ẹ dá owó jọ, kí ẹ ra àpò ẹ̀wà tàbí ti ìrẹsì kan, kí ẹ sì pín in. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò lọ sí ọjà. Ojú gbogbo yín ni kí a ti ṣí àpò náà. Kóńgò kan ṣoṣo ni kí a fi wọ̀n ọ́n, kí ó má jẹ́ pé ó kún fún ìyá kan, ó sì rẹlẹ̀ fún èkejì. Ẹ rántí pé Ọlọ́run sọ Súúrà kan kalẹ̀ tí a ń pè ní Al-Mutaffifin, tí ó fi ègún lé àwọn tí ń gbà á ní kíkún tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní àbọ̀.

Ẹ̀KỌ́ ÀNỌ́BÌ YÚSÙÚFÙ

Nígbà tí ọba Íjíbítì lá àlá, Ànọ́bì Yúsùúfù ni ó tú u fún un: ọdún méje ọ̀pọ̀, lẹ́yìn náà ọdún méje ìyàn. Ó ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àyàfi ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ. Ọ̀nà ìpamọ́ ni ó kọ́ wọn yẹn. Àwa náà ní ọ̀pọ̀ àti ọ̀wọ́n tiwa lọ́dọọdún.

Ẹ̀wà tuntun a máa jáde ní òkè Ọya láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí dé ìparí ọdún. Tòmátì a máa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta, a sì máa wọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Àlùbọ́sà a máa pọ̀ láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin. Epo pupa a máa pọ̀ láti nǹkan bí oṣù kejì dé oṣù karùn-ún. Iṣu tuntun a máa kún ọjà láti oṣù kẹjọ. Ìyá tí ó bá mọ èyí yóò fi owó rẹ̀ sí ohun tí ó pọ̀, yóò sì fi ọwọ́ rọ́ ohun tí ó wọ́n sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ríra kò tó, ìpamọ́ ni iṣẹ́. Ẹ sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọlé. Kòkòrò tí kò rí atẹ́gùn mí yóò kú. Iṣẹ́ yìí kan náà ni àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS ń ṣe. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ láéláé. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa, nítorí pé ohun tí ó pa kòkòrò lè pa ọmọ. Tòmátì tí ó pọ̀, ẹ gé e sá, tàbí kí ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ.

A Ń WỌ̀N FÚN ÌTÚNU ÀÀWẸ̀, A KÌ Í WỌ̀N FÚN ÌKÒKÒ

Nígbà tí a bá ń yọ jákà ìtúnu ààwẹ̀, mudu mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń wọ̀n lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kì í fojú bù ú. Kí ló dé tí a fi ń fojú bu ti inú ìkòkò? Ẹ mọ iye agolo tí ó tó ilé yín. Bí ó bá ṣẹ́kù ní ìgbà mẹ́ta, ẹ dín in kù. Bí kò bá tó, ẹ fi kún un. Oúnjẹ tí a dànù sí orí ààtàn, owó ni a dànù. Ọlọ́run sì sọ nínú Al-Kùránì pé àwọn onínàá-àpà jẹ́ ọmọ ìyá èṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi sódì. N kò ní kí ẹ fi ebi pa ọmọ. Ibi tí a kò gbọdọ̀ dín kù ni oúnjẹ tí ń mú ọmọ dàgbà: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, sóyà, àti ẹ̀fọ́. Bí ẹran bá wọ́n, ẹ fi irú àti ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀, kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀. Ilé tí bàbá ti ń jẹ ẹran mẹ́ta tí ọmọ ń lá omi ọbẹ̀, kí ilé náà yí i padà. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ fún un ní tirẹ̀ ní kíkún. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sì sí mílíìkì alágolo tí ó pọ̀ tó o.

Nǹkan kan wà tí ó ń tì mí lójú láti sọ. Nínú oṣù Rámádánì tí a gbé ẹnu kúrò nílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ní oṣù náà gan-an ni owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé ń pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ìṣínu wa jẹ́ ìṣínu, kí ó má di ìnáwó.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ILÉ NÁÀ ṢE PARÍ

Láti ọjọ́ náà, ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí kó owó ọ̀sẹ̀ kan fún aya lẹ́ẹ̀kan náà. Aya dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin mẹ́rin, wọ́n ra àpò ẹ̀wà kan. Oṣù kìíní le, nítorí pé ọkọ yá owó kí ó tó lè pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹta parí, ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì wọn. Aya gbé ìwé ìkọ̀wé náà wá fi hàn wá, ó ti kún dé ẹ̀yìn. Lójú Ìmáàmù ni ọkọ ti sọ pé: "Ìyá àwọn ọmọ mi, mo fi orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ pè ọ́. Dárí jì mí." Obìnrin náà kò dáhùn, ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú, ó ní kí àwọn máa lọ sílé, pé ẹ̀wà wà lórí iná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí a tó pe aya wa ní olè, kí aya náà sì tó pe ọkọ rẹ̀ ní ahun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọjọ́ méje kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí owó wa, kí ó fi sí oúnjẹ wa, kí ó má sì fi ebi dán ilé wa wò. Àmín.