Kí Ló Ń La Odó Tuntun?

Ẹ ra odó tuntun lọ́jà, ó ń dán, ó rí róbótó, ẹ gbé e délé. Kó tó pé oṣù méjì, ìlà tín-ín-rín kan ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá máa fi parí, ọmọ ìka yín ti lè wọ inú ìlà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ ni pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ló rẹ́ àwọn jẹ. Nígbà míì, òótọ́ ni o. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó jáde lára igi náà ló fà á.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Nínú àwọn igi kan, omi inú rẹ̀ lè wúwo tó igi gbígbẹ náà fúnra rẹ̀, kódà kó jù ú lọ. Ọ̀nà méjì ni omi yìí gbà wà níbẹ̀, ó sì máa tètè yé ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú. Tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á máa ṣàn. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan èyí tí wọ́n tẹ̀ tán yẹn: ó ṣì tutù. Iná ló máa lé ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi rí. Omi kan wà nínú ihò sẹ́ẹ̀lì igi. Òun ló kọ́kọ́ ń lọ, igi kì í sì í súnkì nítorí rẹ̀. Omi kejì wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì gan-an, ó lẹ̀ mọ́ àwọn okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní sẹ́lúlóòsì. Tí omi inú igi bá ti já sí nǹkan bí 30% ìwúwo igi gbígbẹ, tinú ògiri yìí nìkan ló kù. Tí òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwọn okùn yẹn á sún mọ́ra, igi á súnkì.

Ká ní ó ń súnkì bákan náà níbi gbogbo ni, kò bá má sí wàhálà, odó á kàn kéré sí i. Ṣùgbọ́n lóòró, igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Láti àárín lọ sí èèpo, ó lè jẹ́ 4%. Yípo yípo, bí òrùka inú igi ṣe lọ, ó lè tó 8%. Iye yìí yàtọ̀ láti igi sí igi, àmọ́ ti ẹ̀yìn yìí sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gbá ìtì igi kan mú tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 100 cm. Tí ó bá súnkì ní 4% láti àárín sí èèpo, àyíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 96 cm kí ó tó lè pa dé yípo. Ṣùgbọ́n àyíká náà ti súnkì ní 8%, 92 cm ló kù. Níbo ni 4 cm yòókù wà? Òun ni ihò tẹ́ ẹ rí yẹn, bóyá kó jẹ́ ìlà ńlá kan, bóyá kó pín sí kéékèèké.

Ìdí nìyí tí mo fi gba ti àwọn agbẹ́gi tó ń gbẹ́ odó ní tútù. Ọ̀bẹ máa ń wọ igi tútù dáadáa, ìyẹn yé wa. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n ti kó àárín tó ń dí ìyókù lọ́wọ́ kúrò nìyẹn, ògiri odó á sì lè gbẹ tinú tòde. Lẹ́yìn náà, ibòji ni wọ́n ń gbé e sí, kì í ṣe oòrùn. Ibi tí àárín igi ṣẹ́ kù sí ni ìdí odó, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má wo ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ dojú ẹ̀ dé, kẹ́ ẹ wo ìdí.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi dá igi náà dùbúlẹ̀ gbẹ́. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ odó á máa bó ẹ̀rún igi sínú iyán ni. Nígbà tí igi bá dúró lóòró, orí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rí bíi páìpù ni ọmọ odó ń bà, ibẹ̀ sì le.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àga àti ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn tí igi bá gbẹ pàápàá, ó ṣì ń bá afẹ́fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ omi. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 80%, omi inú igi á dúró sí nǹkan bí 16%. Tó bá já sí 40%, ti igi á já sí bíi 7 tàbí 8%. Ní 2025, inú oṣù kẹfà ni Ọjúde Ọba bọ́ sí, ìyẹn àsìkò òjò. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ kí pálọ̀ òun ní Ìjẹ̀bú-Òde ti yí padà kí àlejò tó dé: ó ní kí káfíńtà kó tábìlì wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Káfíńtà ra pákó ní sọ́ọ̀mìlì, kò tíì gbẹ, ó kàn án. Tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí wọ́n bá gbé tábìlì náà lọ sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù l'Ékòó, ojú ìdè á là. Ta ló máa fi owó ara rẹ̀ ra pákó míì? Káfíńtà ni, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ló ń kánjú.

Igi míì ló tún máa wó nìyẹn. Igbó Ọmọ, níbi tí J4 wà, kò jìnnà sí wa. UNESCO fi í kún àwọn igbó àkànṣe rẹ̀ ní 1977. Ìrókò inú irú igbó bẹ́ẹ̀ kì í súnkì púpọ̀, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́, àmọ́ kì í tètè dàgbà. (Òkúta máa ń dì sínú rẹ̀ nígbà míì, irú èròjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, tó sì ń ba eyín ayùn jẹ́.) Mẹ́línà tó ti Éṣíà wá, tí wọ́n gbìn síbẹ̀ nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwòpin, máa ń yára dàgbà, òun náà kì í sì í súnkì púpọ̀. Lójú tèmi, òun ló yẹ ká máa fi ṣe àga.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ fún un láyè kó gbẹ. Ẹ kun ọ̀dà sí orí pákó méjèèjì, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára sá jù, kẹ́ ẹ tò wọ́n sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ẹ mú pákó kékeré kan nínú wọn, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí iye yẹn ò bá já wálẹ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ tó mú ayùn.