Ariwo Iná Nínú Sákíìtì: Àyẹ̀wò Wáyà Ilẹ̀

Nínú sákíìtì, ohun tí a ń pè ní ariwo ni fóòtì tí kò wá láti ara ohun tí a ń wọ̀n. Àpẹẹrẹ kan ni fìríìjì àjẹsára, tí ó gbọ́dọ̀ wà láàrin dígírì 2 sí 8. LM35, tí ó ń wọn ìgbóná, ń fi mílífóòtì 10 dúró fún dígírì kan.

Bí rílè tí ó ń tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń lo mílíámpíà 100, tí òun àti LM35 sì jọ ń lo wáyà ilẹ̀ kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ òómù 0.2, mílífóòtì 20 yóò lé sí iye tí maikirokọ́ńtírólà ń kà. Bí a bá ṣètò pé kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kú ní dígírì 2, fìríìjì yóò ti tutù dé 0 kí ó tó kú. Àwọn àjẹsára kan a sì máa bàjẹ́ bí wọ́n bá dì.

Kíka iye náà lọ́pọ̀ ìgbà, kí a sì pín in dọ́gba, ń dín ariwo tí ó ń lọ sókè sódò kù. Kò lè mú àṣìṣe tí ó dúró lójú kan kúrò. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí rílè ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀ títí dé orísun iná, kí ti LM35 sì lọ tààrà sí ẹsẹ̀ ilẹ̀ maikirokọ́ńtírólà. Kapásítọ̀ nánófáràdì 100, tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná maikirokọ́ńtírólà, máa ń pèsè iná òjijì tí ó ń fà.