Ẹran Iléyá àti Ẹ̀tọ́ Aláìní Nínú Rẹ̀

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja, tí í ṣe oṣù kejìlá nínú ọdún àwọn Mùsùlùmí, ni ọdún ẹran pípa máa ń bọ́ sí. Iléyá ni àwọn Yorùbá ń pè é. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lórí orúkọ yìí ni pé àsìkò náà ni ilé yá fún àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ìrántí Ànábì Ibrahim ni ọdún náà jẹ́, ẹni tí ó gbà láti yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ nítorí àṣẹ Ọlọ́hun, tí Ọlọ́hun sì fi àgbò rọ́pò ọmọ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, tèwe tàgbà ni í máa ké kábárà lọ sí yídì. Ráká méjì ni wọ́n ń kí níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni Lèmọ́mù yóò ṣe wáàsí. Nítorí pé ìlànà Málíkì ni ó gbilẹ̀ jù láàrin àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, Lèmọ́mù ni í kọ́kọ́ dúńbú àgbò tirẹ̀ kí àwọn yòókù tó pa tiwọn. Ẹran tí ẹnikẹ́ni bá pa ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni. Ẹran ọdún kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ yarọ, kò gbọdọ̀ ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ rù kan egungun. Ẹni tí ó ni ín kò gbọdọ̀ ta awọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ẹran náà san owó iṣẹ́ fún alápatà.

Ṣùgbọ́n pípa nìkan kọ́ ni ìjọsìn náà. Orí 22 nínú Àlùkùránì, ní ẹsẹ 28 àti 36, pàṣẹ pé kí ẹni tí ó pa ẹran jẹ nínú rẹ̀, kí ó sì fi bọ́ aláìní. Ẹsẹ 37 fi hàn pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tí ó wà lọ́kàn ẹni ni ó ní láárí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kì í ṣe ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi fọwọ́ sí i pé kí ẹran pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ará ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, àti ti aláìní.

Hádíìsì kan jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni yékéyéké. Ní ọdún kan tí ebi lé àwọn ará aginjù wọ ìlú Mẹ̀dínà, Ànábì Muhammad kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti tọ́jú ẹran ọdún kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lè kárí. Nígbà tí ara tu ìlú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n jẹ, kí wọ́n fi tọrẹ, kí wọ́n sì fi pamọ́. Bí ìyà ìlú bá ti pọ̀ tó ni ọwọ́ olùfúnni gbọ́dọ̀ là tó.

Ní ti ẹni tí kò ní owó àgbò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kò yẹ kí ó jẹ gbèsè nítorí ojú ayé, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Hádíìsì mìíràn sọ pé Ànábì pa ẹran kan lórúkọ àwọn tí kò ní agbára àtipa nínú ìjọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹran tí ó dé ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Iléyá kì í ṣe àánú lásán. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.