Bí Kọ̀ǹpútà Tuntun Tí A Tò Bá Kọ̀ Láti Tàn

Àwọn ọ̀dọ́ kan láàrin wa ní Jos ti ń fúnra wọn to kọ̀ǹpútà. Wọn á ra ẹ̀yà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òmíràn á wá láti Computer Village ní Ìkẹjà. Bí wọ́n bá tò ó tán tí kò tàn, ẹnìkan á ní, "Motherboard ti jó." Òbí á tún wá owó mìíràn. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe tí mo ń ṣe, ohun tí mo máa ń rí jù ni pé kò sí ohun tó jó. Wáyà kan ni kò wọlé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN
Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Jos máa ń gbẹ gan-an, a sì máa ń wọ súwẹ́tà. Bí súwẹ́tà bá ń ra ara, iná kékeré á kó sí wa lára, irú èyí tó máa ń ta wá bí a bá di irin ilẹ̀kùn mú. Kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára, ó ti tó nǹkan bí 3,000 fóltì. Èyí tó kéré sí i pàápàá lè ba RAM jẹ́. Ẹ bọ́ súwẹ́tà, kí ẹ sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà níbi tí kò sí ọ̀dà.

BÍ KÒ BÁ TÀN RÁRÁ
Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Súwìṣì ẹ̀yìn power supply ní láti wà ní I, kì í ṣe O. Àwọn kan ní súwìṣì pupa tí a kọ 115 àti 230 sí. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230; bí ó bá wà ní 115 tí a tan iná sí i, ó lè bú gbàù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà tín-ín-rín tó ti ara bọ́tìnnì iwájú wá, bóyá ó wà lórí irin méjì tí ìwé motherboard júwe.

BÍ FÁÀNÙ BÁ Ń YÍ, TÍ MỌ́NÍTỌ̀ SÌ DÚDÚ
Wáyà iná méjì ni motherboard ń gbà: èyí tó ní ihò 24, àti èyí tó ní 4 tàbí 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ processor. Ìkejì yìí ni a máa ń gbàgbé jù. Ẹ yọ RAM, kí ẹ dá ẹyọ kan ṣoṣo padà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wọlé ṣinṣin. Bí graphics card bá wà, ara rẹ̀ ni kí wáyà mọ́nítọ̀ wọ̀. Processor Intel tí F bá parí nọ́ńbà rẹ̀ kò lè gbé àwòrán jáde láìsí card yìí. Bí RAM bá jẹ́ DDR5, ẹ ní sùúrù. Àkọ́tàn rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan.

BÍ Ó BÁ TÀN, TÍ Ó SÌ KÚ LÓJÚ ẸSẸ̀
Ẹ wò ó bóyá ìdè kan já bọ́ sábẹ́ motherboard, tàbí bóyá fáànù processor kò jókòó dáadáa. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

BÍ GBOGBO RẸ̀ BÁ KỌ̀
Ẹ tú motherboard jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí rẹ̀. Processor àti fáànù rẹ̀, RAM kan, power supply àti ohun tó ń gbé àwòrán jáde nìkan ni kí ẹ fi sí i. Bí ó bá tàn, ẹ máa fi ìyókù kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pa iná kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Èyí tí ẹ fi sí i tí ó fi kú, òun ni kí ẹ fura sí. Òun nìkan ni ẹ ó dá padà fún ẹni tó tà á, pẹ̀lú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú inú power supply láé. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá ní motherboard ti jó, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ bi í pé: "Kí lo fi dán an wò?"