Òkè Kilimanjaro Kò Fẹ́ Ìkánjú

Òkè Kilimanjaro wà ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Tanzania, nítòsí ẹnubodè Kenya. Kò sí òkè mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà tó ga tó o. Mítà 5,895 ni góńgó rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ. Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà kò ju mítà 2,419 lọ. Bí a bá gbé méjì irú rẹ̀ léra, wọn kò tíì ní kan orí Kilimanjaro. Bẹ́ẹ̀ òkè náà kò bá òkè mìíràn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ti yọ, ó dá dúró gẹdẹgbẹ, ojú sì lè tó o láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí ìkùukùu bá ká kúrò.

Pẹ̀lú gbogbo gíga yìí, ẹni tí kò fọwọ́ kan okùn ìgunkè rí lè fẹsẹ̀ rìn dé orí rẹ̀. Ohun tí òkè náà ń bèèrè ni ọjọ́ tó pọ̀ tó, àti àwọn tí yóò báni ru ẹrù. Ẹni tó bá ṣahun lórí ọ̀kan nínú méjèèjì, àárín ọ̀nà ló sábà máa ń gbà padà.

Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí òkè náà, ẹnu mẹ́ta ló sì gbà jáde: Shira, Mawenzi àti Kibo. Shira ti wó, ó ti di pápá gbalasa. Iná Mawenzi ti kú pátápátá. Òjò àti ẹ̀fúùfù ti gbẹ́ ẹ di ṣóńṣó, àwọn tó mọ okùn lò dáadáa nìkan ló sì lè gùn ún dé mítà 5,149 tó ga dé. Kibo ló kéré jù lọ́jọ́ orí, òun náà ló ga jù, orí rẹ̀ sì ni gbogbo arìnrìn-àjò ń lọ. Iná tirẹ̀ kò tíì kú, ó kàn ń sùn ni. Gáàsì ṣì ń yọ jáde nínú ihò tó wà láàárín rẹ̀. Ọdún 1973 ni ìjọba Tanzania ya òkè náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi páàkì orílẹ̀-èdè, wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1977, nígbà tó sì di 1987, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Àwọn Chagga ló ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ òkè náà láti ayébáyé. Wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí sábẹ́ igi ńlá ní àyíká ilé wọn, wọ́n sì gbẹ́ ojú omi tóóró tóóró láti inú igbó òkè wá sínú oko. Àwọn ará ìta kò tètè gbà pé irú òkè bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, Johannes Rebmann, kọ̀wé ní 1848 pé òun rí yìnyín lórí rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní London ní irọ́ ni, pé yìnyín kò lè wà létí ìlà agbedeméjì ayé.

Ará Jámánì mìíràn, Hans Meyer, gbìyànjú láti gùn ún ní 1887, ó sì padà láìdé orí. Nígbà tó tún wá ní 1889 pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ará Austria, ó ti wá mọ ibi tí wàhálà wà: oúnjẹ ló máa ń tán lọ́wọ́ èrò kí ọ̀nà tó là. Ó pa àgọ́ sí oríṣiríṣi ibi lórí òkè, àwọn alábàárù sì ń gbé oúnjẹ gòkè láti ìlú Marangu lóòrèkóòrè, tó fi jẹ́ pé bí ibì kan bá dí lónìí, wọ́n á gba ibòmíràn lọ́la láìsọ̀kalẹ̀ dé ìdí òkè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mwini Amani, ará Pangani, bá wọn gbé nínú òtútù àgọ́ òkè, ó ń dáná fún wọn. Ìtàn àwọn Chagga sọ pé Yohani Kinyala Lauwo, ọmọ Marangu, ló ṣe amọ̀nà wọn. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ni àwọn aláwọ̀ funfun méjèèjì dé góńgó. Orúkọ ọba Jámánì ni Meyer fi sọ ibẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Tanganyika, tó di apá kan Tanzania lẹ́yìn náà, gba òmìnira ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá 1961, ọ̀gá ológun ọ̀dọ́ kan, Alexander Nyirenda, gbé iná òtùfù àti àsíá gòkè lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Uhuru, ìyẹn Òmìnira.

Ọ̀nà tó gòkè lónìí pọ̀. Marangu ló ti wà tipẹ́ jù, inú ahéré onípákó ni èrò sì ń sùn níbẹ̀. Àgọ́ aláṣọ ni wọ́n ń lò ní gbogbo ọ̀nà yòókù. Machame ni ọ̀pọ̀ èrò ń gbà. Lemosho gba ìwọ̀-oòrùn wá, ó gùn, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tó bá ní ọjọ́ lọ́wọ́. Rongai bẹ̀rẹ̀ láti àríwá lẹ́bàá Kenya níbi tí òjò kò ti pọ̀ bíi ti ìhà gúúsù. Umbwe kúrú, ó sì dagun gan-an. Kò yẹ kí ẹni tí kò gun òkè gíga rí dán an wò. Mweka ní tirẹ̀, ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ ni.

Ọ̀nà yòówù kí èèyàn gbà, ọjọ́ àkọ́kọ́ inú igbó ni. Gbòǹgbò igi dábùú ọ̀nà, ilẹ̀ ń yọ̀, kùrukùru sì ń gbà láàárín ẹ̀ka. Edun onírù funfun gígùn ń fò láti igi dé igi. Ọ̀wàwà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìbátan èyí tó wà ní igbó ilẹ̀ Yorùbá, òun náà kì í sì í jẹ́ kí òru dákẹ́. Bí èrò bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 2,800, igi ńlá tán, igbó kúkúrú tí kò ju orí èèyàn lọ púpọ̀ ló gbapò.

Lókè síi ni igi àràmàǹdà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dendrosenecio kilimanjari. Ó lè ga ju èèyàn méjì tó dúró léra lọ, orí rẹ̀ nìkan sì ni ewé tútù wà. Bí ewé bá kú, kì í já bọ́. Yóò sorí kọ́, yóò lẹ̀ mọ́ ìtì igi náà nípele nípele bí ẹni wé aṣọ òtútù mọ́ra, kí omi inú igi má baà dì lóru. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ewé orí rẹ̀ á pa dé, wọ́n á bo ọ̀mùnú àárín. Bí oòrùn bá yọ, wọ́n á tún ṣí. Ojoojúmọ́ ni igi yìí ń rí ooru àti òtútù tó lè pa igi mìíràn. Àfonífojì Barranco ni wọ́n pọ̀ sí jù ní ọ̀nà Machame, ó sì tọ́ kí èrò dúró wò wọ́n dáadáa kó tó kọjá.

Láti mítà 4,000 lọ sókè, ilẹ̀ gbẹ, òkúta àti eérú òkè ló kù. Kannakánná ọlọ́rùn funfun ń bá èrò dé àwọn àgọ́ ibẹ̀, ó sì mọ bí a ti ń fi àgógó fa àpò oúnjẹ ya.

Níbí ni afẹ́fẹ́ ti di ọ̀rọ̀. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ orí Kibo, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ ní etíkun Èkó, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ orí òkè ti fẹ́lẹ́ débi pé nínú èémí kọ̀ọ̀kan, bí ìdajì ọ́síjìn ti ìsàlẹ̀ ni èèyàn ń rí. Ara lè kọ́ bí yóò ṣe fi èyí ṣe: yóò máa mí yára, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ẹni tó bá sáré ju ara rẹ̀ lọ, orí á kọ́kọ́ fọ́ ọ, oúnjẹ á kọ̀, èébì á máa gbé e, oorun á dá. Èyí wọ́pọ̀, ìsinmi sì lè tán an. Èyí tó ń pani ni pé kí omi gba inú ẹ̀dọ̀fóró, kí èèyàn máa wúkọ́, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó. Tàbí kí ọpọlọ wú, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má dá gaara mọ́. Kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Oògùn Diamox tí dókítà máa ń kọ fún èrò ń ran ara lọ́wọ́, kò sì lè dípò ìsọ̀kalẹ̀.

Agbára kò gbani lọ́wọ́ àìsàn yìí. Ọ̀dọ́ tó ń sáré ní pápá lójoojúmọ́ lè ṣubú níbi tí ìyá àádọ́ta ọdún tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ gbé kọjá, nítorí ọ̀dọ́ náà ń yára gòkè ju bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn amọ̀nà fi ń wí ní èdè Swahili láti àárọ̀ dalẹ́ pé "pole pole", pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà òkè gíga ni pé lẹ́yìn mítà 3,000, ibi tí èèyàn yóò sùn lónìí kò yẹ kó fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ. Ẹ wá wo ọ̀nà Marangu: Mandara wà ní mítà 2,720, Horombo ní 3,720, Kibo Hut ní 4,720. Ìlọ́po méjì ìmọ̀ràn náà ni lálaalẹ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún ṣe gbogbo ìrìn náà ń fi ara rẹ̀ wewu láìnídìí. Ó kéré tán, kó sùn ní Horombo lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà Machame sàn jù ní ti èyí, nítorí èrò máa ń gòkè dé Lava Tower ní ọ̀sán, ní nǹkan bíi mítà 4,600, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tó rẹlẹ̀ jù ú lọ dáadáa.

Òru ni wọ́n ń gun apá tó kẹ́yìn. Nǹkan bí aago méjìlá òru ni èrò ń kúrò ní Kibo Hut tàbí ní àgọ́ Barafu, tọ́ọ̀ṣì ti wà lórí wọn, nítorí òtútù òru máa ń di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ra, ẹsẹ̀ á sì lè tẹ̀ ẹ́. Bí oòrùn bá yọ́ ọ, ìṣísẹ̀ mẹ́ta a máa dà méjì. Òtútù lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 15 tàbí 20 sísàlẹ̀ òdo. Omi ìgò ń dì láti òkè wá, nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n ń da orí ìgò kodò, wọ́n á fi sínú ìbọ̀sẹ̀ onírun. Àyà ni wọ́n ń fi fóònù pa mọ́ sí kí bátìrì má kú. Lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́fà tàbí méje, wọ́n á dé etí kòtò òkè, ní Gilman's Point tàbí Stella Point, oòrùn á sì ń yọ lẹ́yìn Mawenzi. Ó tún ku ìrìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé Uhuru. Wọn kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ fún ohun tó ju mítà 2,000 lọ, orúnkún sì ń jẹ́rìí sí i.

Kò sí ẹni tí òfin páàkì gbà láàyè láti gun òkè náà láìní amọ̀nà tó gbàwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí amọ̀nà àti alásè, àlejò kan lè ní alábàárù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn wọ̀nyí ló ń ru àgọ́, oúnjẹ, gáàsì ìdáná àti ẹrù àlejò lórí tàbí lẹ́yìn ọrùn. Wọ́n á kọjá lára àlejò lójú ọ̀nà, nígbà tí àlejò yóò bá sì fi dé, àgọ́ ti dúró, omi ti hó. Kílò 20 ni òfin ní kí ẹrù wọn má kọjá, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní géètì. Síbẹ̀, àwọn tó ń rìn lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń polówó ìrìn àjò pọ́ọ́kú máa ń gba owó tí kò tó nǹkan, bàtà àwọn mìíràn kò ká òtútù, òtútù sì ti pa alábàárù rí. Láti 2003, àjọ Kilimanjaro Porters Assistance Project tó wà ní ìlú Moshi ń yá wọn ní aṣọ òtútù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń tọpinpin owó, oúnjẹ àti ibùsùn tí iléeṣẹ́ ń fún wọn. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gòkè béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kó tó sanwó. Bí iye tí wọ́n dá bá kéré jọjọ, ọjọ́ ni wọ́n gé kúrò, tàbí owó iṣẹ́ alábàárù.

Oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, àti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ni àkókò tó dára jù, nítorí òjò ńlá ń rọ̀ láti ìparí oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, òjò kékeré sì ń dé ní oṣù Kọkànlá. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú ìrìn àjò ṣe pàtàkì ju bàtà olówó iyebíye lọ.

Yìnyín orí Kibo ń tán. Ìwádìí tí Lonnie Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009 fi hàn pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí yìnyín bò ní 1912 ti hàn síta nígbà tó fi di 2007. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti gbẹ, yìnyín tuntun kò wá tó èyí tí oòrùn ń mú lọ, ayé sì ń gbóná. UNESCO kìlọ̀ ní 2022 pé ó lè má kù rárá nígbà tó bá fi di 2050. Àdánù ńlá ni. Ṣùgbọ́n omi tí àwọn Chagga ń mu kò fi bẹ́ẹ̀ wá láti inú yìnyín. Igbó ló ń gba òjò àti kùrukùru dúró, tó ń tú u sílẹ̀ sínú odò díẹ̀díẹ̀. Iná tó jó lórí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní oṣù Kẹwàá 2020 ba ọ̀pọ̀ igbó kúkúrú jẹ́, dídá iná níbi tí kò yẹ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nínú páàkì.

Ẹni tí kò lówó tàbí okun láti dé góńgó ṣì lè rí púpọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gun orí Kibo, ìdílé sì lè mú un rin ìrìn ọjọ́ kan láti géètì Marangu la inú igbó já dé Mandara. Ibi kòtò Maundi, ẹnu iná àtijọ́ tí koríko ti hù bò, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ sí ahéré Mandara. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, èèyàn á rí Kibo àti Mawenzi lápá kan, á rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kenya lápá kejì. Àwọn tó ń rin ìrìn ọjọ́ kan náà ń san owó géètì, wọ́n sì ń gba amọ̀nà; òwúrọ̀ kùtù ló dára kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí ìkùukùu sábà máa ń bo òkè náà láti ọ̀sán lọ.