Owó Àsansílẹ̀: Ti Ta Ni Kí Iṣẹ́ Tó Parí?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ bùkátà, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú yín. Ẹ jí ní agogo márùn-ún ìdájí, ẹ gbọ́ ti àwọn ọmọ, ẹ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì gbé omi kaná, nítorí pé oníbàárà kan ní òun ń bọ̀ wá dirí ní agogo mẹ́jọ. Agogo mẹ́jọ lù, kò dé. Ó di mẹ́sàn-án, ẹ pè é lórí fóònù, ó ní òun ti wà lọ́nà. Nígbà tí yóò fi di agogo mọ́kànlá, fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti dá àwọn méjì padà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ta ni yóò san owó òwúrọ̀ yẹn fún yín?

Àbúrò mi obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ṣe ojú ìyàwó lóge, kí ó sì máa wé gèlé fún ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjà iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan bá bọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde fún ìgbéyàwó òun. Ó gbà, ó sì tìtorí rẹ̀ kọ iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ni ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wọlé sórí WhatsApp pé ẹbí ọkọ ti rí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀. Ó sunkún dé ilé mi.

Èmi ni mo sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àsansílẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì rò pé mo mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ owó. Ìdajì rẹ̀ ni mo mọ̀. Ìdajì kejì ni ó mú kí n kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ṣe ti àkọ́kọ́, nítorí pé ó wúlò, ó sì ṣe é kọ́.

Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe àṣà tí ó ti òkèèrè wá. Ẹni tí ó bá bẹ ahunṣọ ní iṣẹ́ aṣọ òkè mọ̀ pé ó yẹ kí owó òwú kọ́kọ́ jáde. Alásè tí yóò dáná fún igba ènìyàn kò ní í fi owó ara rẹ̀ ra ìrẹsì àti ẹran. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé fóònù ti wá di ẹlẹ́rìí láàárín ẹni tí ó san án àti ẹni tí ó gbà á, ó sì ń bá wa ṣe ìwé ọjọ́ àti wákàtí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a wá ni ojú ewé tí oníbàárà yóò ti rí àkókò tí ó ṣófo, kí ó sì mú èyí tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kàlẹ́ńdà Google lè ṣe èyí láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni ó ti rọrùn láti ṣètò rẹ̀. Ẹ ó kọ ọjọ́ àti wákàtí iṣẹ́ yín sínú rẹ̀, ẹ ó kọ bí iṣẹ́ kan ti ń pẹ́ tó, yóò sì fún yín ní líǹkì kan tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ti mú agogo mẹ́wàá, ẹlòmíràn kò ní í rí agogo mẹ́wàá mọ́. Calendly náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Tope Awotona, ẹni tí a bí ní Èkó, ni ó dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, nígbà tí lẹ́tà lọ lẹ́tà bọ̀ nítorí àtidá àkókò ìpàdé kan ṣoṣo ti sú u. Stripe àti PayPal ni Calendly fi ń gba owó, nítorí náà ó rọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń dirí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ní Houston lọ́rùn ju àwa tí a wà nílé lọ.

Ẹ má gbàgbé láti fi àyè sílẹ̀ láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn. Àbúrò mi kò fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kàlẹ́ńdà gba ìyàwó kan fún un ní Bódìjà ní agogo méje, ó sì gba òmíràn ní Challenge ní agogo mẹ́sàn-án, bí ẹni pé ẹyẹ ni yóò gbé e fò kọjá súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ ìlú Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀nà. Àwa ni a mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó gbígbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ránṣẹ́, kò sì burú. Ohun tí ó burú ni kí a gba àwòrán ojú fóònù ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ti san owó. Àwọn gbájú-ẹ̀ ti mọ bí a ti ń ṣe ayédèrú rẹ̀, ó sì máa ń jọ ojúlówó ju ojúlówó lọ. Bí ẹ kò bá tí ì rí owó náà nínú àkáǹtì tiyín, a kò tí ì san án.

Paystack ni àbúrò mi yàn. Shola Akinlade àti Ezra Olubi ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà sì kéde ní ọdún 2020 pé òun rà á. Obìnrin tí kò ní wẹ́bùsáìtì lè ṣí ojú ewé ìsanwó kan níbẹ̀, kí ó sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀rọ náà ni yóò sọ ẹni tí ó san án, iye tí ó san àti ìgbà tí ó san án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹnì kan láti Nàìjíríà bá san owó, wọ́n ń yọ 1.5% àti ₦100 lé e; wọn kì í gba ₦100 náà bí owó kò bá tó ₦2,500, ohun tí wọ́n ń yọ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Nítorí náà, nínú ₦20,000, ₦400 ni yóò lọ. Nínú ₦2,000, ₦30 péré ni. Ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e ni owó náà máa ń wọ báǹkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí èyí: owó tí a san ní ọjọ́ Ẹtì kò ní í wà nílẹ̀ fún yín láti fi ra nǹkan lọ́jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Èwo ni kí ó ṣáájú, àkókò ni tàbí owó? A ṣe àríyànjiyàn lórí èyí fún ọjọ́ mélòó kan. Bí owó bá ṣáájú, oníbàárà lè sanwó tán kí ó tó rí i pé ọjọ́ òun ti kún, ìjà sì dé. Bí àkókò bá ṣáájú, aláwàdà lásán lè gba gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta oṣù kan. Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé kí oníbàárà kọ́kọ́ mú àkókò, kí líǹkì ìsanwó wà nínú ojú ewé kan náà, kí àkókò náà sì di ti gbogbo ayé padà bí owó kò bá wọlé láàárín wákàtí méjì. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ni yóò yọ orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Àdéhùn tí ó kọ sí ojú ewé náà kò gùn. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦60,000, àsansílẹ̀ sì jẹ́ ₦20,000. Ẹni tí ó bá yí ọkàn padà nígbà tí ó ku ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ yóò gba ìdajì. Bí oníṣẹ́ ni kò bá wá, gbogbo rẹ̀ ni yóò dá padà. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé a kì í dá owó padà, bí ọ̀pọ̀ ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé àdéhùn tí ó ṣe sílẹ̀. Owó tí ó bọ́gbọ́n mu nìkan ni oníṣẹ́ lè yọ nínú rẹ̀.

Àwọn kan bínú. Ìyá kan tí ó ti ń wé gèlé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bi í pé, “Ṣé o rò pé n ó sá lọ ni?” Ó kúnlẹ̀ lórí fóònù (mo wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lóòótọ́), ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Bí èmi náà kò bá wá, owó yìí ni ẹ ó fi mú mi.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì san án. Fún àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ nípa líǹkì, ó ń gba owó lọ́wọ́, ó ń kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkókò wọn sínú kàlẹ́ńdà. Ẹni tí ó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí owó tí a fi ránṣẹ́ láti báǹkì sì ń há sójú ọ̀nà, yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ọ̀nà ìgbowó jẹ́ ẹyọ kan.

Ètò yìí dára débi pé ẹnikẹ́ni kò já a kulẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà tí n kò rí.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá fi dé ìdajì ní ọdún kan, ìyàwó mọ́kànlá ti sanwó sílẹ̀ fún òpin ọdún. ₦220,000 ni, lẹ́yìn tí Paystack yọ tirẹ̀, ó ku ₦215,600 nínú àkáǹtì àbúrò mi, àkáǹtì kan náà tí ó fi ń ra ata àti káàdì fóònù. Ó rí owó, inú rẹ̀ dùn. Ó san ₦150,000 owó ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ₦45,000 ra dígí ńlá tí ó ní iná yíká. Kò jẹ ìjẹkújẹ, kò sì ra aṣọ ẹgbẹ́. Bí ó bá bi mí léèrè, ó ṣeé ṣe kí n yìn ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun gbé e dè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, ìyàwó méje sì bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. ₦140,000 ni ó yẹ kí ó dá padà, ₦20,600 ni ó ní. Ìyá ìyàwó kan lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó pariwo olè lé e lórí, ó ní òun yóò lọ pe ọlọ́pàá. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Obìnrin tí ó ń tiraka kí àwọn ènìyàn má baà já òun kulẹ̀ ni ó wá di gbájú-ẹ̀ lójú ayé, ìyá náà kò sì jẹ̀bi: owó ọmọ rẹ̀ ni ó ń béèrè. Mo yá a ní ₦120,000 ní ọjọ́ kejì, ó sì dá owó olúkúlùkù padà kí ìgbéyàwó wọn tó kọjá.

Ìdajì tí n kò kọ́ ọ nìyí. Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe èrè, kì í tilẹ̀ ṣe owó ẹni. Gbèsè ni títí iṣẹ́ yóò fi parí. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa owó àjọ. Bí alájọ bá fi owó tí a dá sí i lọ́wọ́ san owó ṣọ́ọ̀bù, a kì í pè é ní ọlọ́gbọ́n, bí ó tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti dá a padà. Fóònù ni ó ń tàn wá jẹ, nítorí pé ibi kan náà ni ó ti ń fi owó tiwa àti owó oníbàárà hàn, pẹ̀lú iye kan ṣoṣo lókè.

Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì kejì, kí ẹ sì sọ fún Paystack pé ibẹ̀ ni kí ó máa san owó sí. Ẹ má ṣe gba káàdì rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá parí, tí a sì ti san ìyókù, nígbà náà ni kí ẹ gbé àsansílẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ti òun nìkan, wá sí àkáǹtì ilé. Bí ohun èlò bá wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rà ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iye báyìí nínú àsansílẹ̀ jẹ́ ti ohun èlò. Kí ẹ sì ní ẹlẹgbẹ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè fi oníbàárà lé e lọ́wọ́ bí àìsàn bá dé. Ẹ jọ ṣe àdéhùn náà nígbà tí ara yín méjèèjì le.

Àbúrò mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Ajé ni ó máa ń jókòó ti ìwé rẹ̀, tí yóò fi àmì sí orúkọ àwọn ìyàwó tí ó ti ṣe tán, tí yóò sì gbé owó wọn wálé. Nínú owó náà ni ó ti ń san ₦10,000 fún mi lóṣooṣù. Ó ku ₦30,000.